Ẹ Jẹ́ Kí Ẹfinrin Yọ Òdòdó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará àdúgbò wa sọ ní Ìbàdàn nìyí, nígbà tí wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe lè dá ọgbà ewé tí yóò wúlò fún ilé, tí yóò sì wúlò fún oyin àti labalábá. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà oòrùn.

Ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún. Nínú ewé tí ẹ ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó yọ òdòdó. Gbogbo ohun yòókù tí màá sọ lónìí, àlàyé lórí ẹ̀bẹ̀ yìí ni.

Mo mọ̀ pé kò bá ìṣe wa mu. Bí ọ̀pá òdòdó ẹfinrin bá ti ń yọrí, ìyá onílé á já a dànù, torí pé ewé ẹfinrin tó bá ti yọ òdòdó máa ń kéré, ó sì máa ń le. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe é. Ewúro náà, bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti gùn díẹ̀, a ti gé e kanlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìgboro kò fi rí òdòdó ewúro rí. Wọn kò mọ̀ pé funfun ni, pé ó máa ń ta sánsán, àti pé ní ọjọ́ tó bá là, oyin máa ń bò ó débi pé ẹ ó gbọ́ híhó wọn kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. A ń fi ewúro se ọbẹ̀ ní gbogbo ọdún, a kò sì jẹ́ kí igi náà ṣe ohun tí Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ dá òdòdó mọ́ ọn.

Kí wá ni òdòdó wà fún? Òdòdó ní akọ, ó ní abo. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, akọ àti abo jọ ń gbé inú òdòdó kan náà ni. Nínú àwọn mìíràn, ọ̀tọ̀ ni òdòdó akọ, ọ̀tọ̀ ni òdòdó abo. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lára akọ gbọ́dọ̀ dé ara abo kí èso tó lè mú. Atẹ́gùn ló ń gbé ti àgbàdo, ìdí nìyẹn tí òdòdó àgbàdo kò fi ní àwọ̀ tàbí òórùn tó ń pe ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ti ẹ̀gúsí àti ti elégédé wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bí kòkòrò kò bá gbé e, ibi tó wà náà ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí elégédé díẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti fojú rí. Ìdájí ló máa ń la òdòdó rẹ̀, yóò sì ti pa á dé kí ó tó di ọ̀sán. Ẹ wo ẹ̀yìn òdòdó náà: èyí tó ní ọmọ elégédé róbótó lẹ́yìn ni abo, èyí tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán gbé dúró ni akọ. Bí oyin kò bá ti ọ̀dọ̀ akọ dé ọ̀dọ̀ abo láàárín ìwọ̀nba wákàtí yẹn, ọmọ róbótó náà á pọ́n, á sì já. Àwọn èèyàn á ní ilẹ̀ kò dára, tàbí pé ajílẹ̀ kò tó. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìtàkùn elégédé yín bá tutù minimini, tí èso rẹ̀ sì ń já ṣáá, ẹ jí lọ dúró tì í ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ wo ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ kò bá rí oyin kankan, ẹ já òdòdó akọ kan, ẹ bó ewé pupa rúsúrúsú tó yí i ká kúrò, kí ẹ fi ọ̀pá àárín rẹ̀ pa inú òdòdó abo. Yóò mú. Ẹ ó wá mọ iye iṣẹ́ tí oyin ti ń bá yín ṣe láti ọjọ́ yìí, láìgba kọ́bọ̀.

Ti ikàn àti tòmátì tún yàtọ̀. Inú àpò ni wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú wọn sí, ẹnu àpò náà kò sì ju ihò tíntín lọ. Oyin tí a ń jẹ afárá rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Oyin dúdú ńlá, èyí tó máa ń lu igi gbígbẹ, ló mọ̀ ọ́n. Yóò di òdòdó náà mú ṣinṣin, yóò gbọn àyà rẹ̀ rìrì, ẹ ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, lẹ́búlẹ́bú á sì tú jáde. Atẹ́gùn náà lè mi tòmátì kí ó mú èso, àmọ́ èyí tí oyin bá gbọ̀n máa ń mú dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyin dúdú yìí kan náà ni a máa ń fi ìgbálẹ̀ lé pa nítorí igi òrùlé. Tí ẹ bá so igi gbígbẹ kan tàbí ọparun mọ́ ọgbà fún un, ó ṣeé ṣe kí ó gba ibẹ̀ dípò òrùlé yín.

Oríṣi oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í kó ara wọn jọ, wọn kì í sì í ṣe afárá. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí àwọn ìjọba àgbáyé kó jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò sọ ní ọdún 2016 pé nínú irúgbìn pàtàkì tí aráyé ń gbìn jẹ, ó ju ìdá 75 nínú 100 lọ tí ẹranko tàbí kòkòrò ń ràn lọ́wọ́, ó kéré tán lọ́nà kan. Oyin nìkan kọ́. Kòkó tó kọ́ ilé púpọ̀ sí Oǹdó àti Iléṣà, kòkòrò kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń bá a ṣe é. Inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tó ń rà lábẹ́ igi ni kòkòrò náà ti ń pamọ. Àdán ló ń ṣe ti ìgbá, ìyẹn igi irú. Irú tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá, àdán lọ́wọ́ sí i.

Ti ọ̀pẹ ni mo fẹ́ràn láti máa sọ jù. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni ọ̀pẹ ti wá, kí ó tó dé Éṣíà. Ní ọdún 1848, wọ́n gbin igi mẹ́rin sí ọgbà ìjọba kan ní Bogor, lórílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Indonesia lónìí, láti ibẹ̀ ni irú rẹ̀ ti tàn ká Malaysia. Wọ́n gbé igi lọ, wọ́n gbàgbé kòkòrò. Nígbà tí oko ọ̀pẹ wọn di ńlá, ẹyìn kò mú tó bó ṣe yẹ, ni wọ́n bá ń san owó fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú sí òdòdó abo, láti igi dé igi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981 ni wọ́n tó kó kòkòrò kékeré kan láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ lórí òdòdó akọ ọ̀pẹ. Kòkòrò náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dáa ká mọ èyí, nítorí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ rí. Àwọn tó ń bá a ṣe é wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọgbà.

Ẹni tí kì í sin oyin lè rò pé ìgbà òjò ni oyin ń yó jù, torí ibi gbogbo tutù. Ní ilẹ̀ wa, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tó ń sin oyin ń kó afárá. Bó bá ti di Oṣù Kọkànlá, ewé Akíntọ́lá á funfun gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ewúro á tẹ̀ lé e nígbà ọyẹ́, àwọn igi ńlá inú igbó náà á máa yọ tiwọn títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, òdòdó igi ti wọ́n. Òjò ń fọ omi dídùn inú ìwọ̀nba òdòdó tó kù dànù, oyin fúnra rẹ̀ kò sì lè fò nínú òjò. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń jẹ èyí tí wọ́n tọ́jú. Bí ìyẹn bá tán, odidi ilé oyin lè ṣí kúrò.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá wo ọgbà kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi onílé ni pé: kí ló ń yọ òdòdó níbí ní Oṣù Keje? Ẹni tó bá ti lè dáhùn ìbéèrè yẹn ti ṣe èyí tó ṣòro jù.

Ẹfinrin ni ìdáhùn tèmi. Kò sí ewé kankan nínú ọgbà wa tó tó o. Bí ẹ kò bá gé e, yóò yọ òdòdó nínú òjò, òdòdó náà á sì pẹ́, torí láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló ti ń là lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Bí tìsàlẹ̀ ti ń gbẹ, tòkè ń là. Kékeré ni òdòdó náà, kò ní àwọ̀ tó ń dán, ẹ lè kọjá láìrí i. Oyin ń rí i. Àwọn oyin wẹ́wẹ́ tí kì í ta èèyàn náà máa ń wá sí ìdí rẹ̀, àwọn yìí kì í sì í rìn jìnnà sílé bíi ti oyin afárá, tó lè rin kìlómítà mélòó kan wá oúnjẹ. Fún àwọn wẹ́wẹ́ yìí, ọgbà ilé yín lè jẹ́ gbogbo ayé wọn.

Ẹ gbìn ín sí ọ̀nà méjì. Apá kan fún ìkòkò ọbẹ̀: ẹ máa já orí rẹ̀, kí ewé rẹ̀ lè máa tutù, kí ó sì gbòòrò. Apá kejì, ẹ fi sílẹ̀ fún òdòdó. Nígbà tí òdòdó apá kejì bá ti gbẹ, ẹ gba irúgbìn rẹ̀, kí ẹ gé e sílẹ̀ díẹ̀ sókè ilẹ̀, yóò rú padà, ẹ ó wá jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ gba ipò rẹ̀. Báyìí, ewé ọbẹ̀ kò ní tán, òdòdó náà kò ní tán. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ má sì fi erùpẹ̀ púpọ̀ bò ó, torí yóò rì mọ́lẹ̀.

Ewúro rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ti igi rẹ̀ bọlẹ̀ nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ gé gbogbo èyí tó kù bó ṣe wù yín, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ sí etí ọgbà kí ó ga di igi. Ẹyọ kan yẹn, òun ni ẹ ó fi gba oyin lálejò nígbà ọyẹ́.

Gbúre ò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ á hù, á sì yọ òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ rẹ̀. Ilá àti ìṣápá, bákan náà. Àbámọdá tí a ń gbìn fún oògùn ikọ́ àti ìwọ́ ọmọ tuntun ní òdòdó tó ń rọ̀ wálẹ̀ bí agogo, àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán ló máa ń wá fa omi inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi ṣe ọgbà yíká ilé dípò búlọ́ọ̀kù, akòko dára púpọ̀, òdòdó rẹ̀ rẹwà, oyin dúdú sì fẹ́ràn rẹ̀. Lápálápá náà ń pe oyin, àmọ́ májèlé ni èso rẹ̀, kí ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé má gbìn ín.

Koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, kì í sábà yọ òdòdó lọ́dọ̀ wa, kò sì ní oúnjẹ fún oyin. Síbẹ̀, mo ní kí ẹ gbìn ín. Òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn sílé, ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin oyin fi máa ń fi í pa inú àpótí tuntun kí oyin lè wọ̀ ọ́.

Ẹnìkan ti fọ́nrán kan ránṣẹ́ sí mi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ní kí a gbin lavender àti thyme fún oyin. Ìmọ̀ràn rere ni, fún ẹni tó ń gbé ní Faransé. Òkè olókùúta tí òjò kì í ti í pọ̀ ni wọ́n ti wá, omi Oṣù Kẹfà wa á mú kí gbòǹgbò wọn jẹrà. Ìbátan wọn ni ẹfinrin, ìdílé ewé kan náà ni wọ́n. Ẹ má ná owó lórí àlejò tí kò ní pẹ́ kú nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kódà àwọn tí a ń pè ní èpò níye: ẹ jẹ́ kí imí-eṣú àti abẹ́rẹ́ olóko ṣẹ́ kù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan. Akọ labalábá kan wà tó ń wá oje imí-eṣú kiri, ohun tó ń rí fà níbẹ̀ ló fi ń ṣe òórùn tó ń fa abo mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lẹ́nu mi. A ti ń da kọnkéré sí gbogbo àyíká ilé wa. Láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn, intalọ́ọ̀kì. Mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ ń yọni lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oyin tí kì í ṣe afárá ti ń gbẹ́ ilé. Abo kan ṣoṣo á gbẹ́ ihò rẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí oòrùn ti ń kàn án, á kó oúnjẹ síbẹ̀, á yé ẹyin rẹ̀. Bí ẹ bá da kọnkéré bo ibẹ̀, iyekíye òdòdó tí ẹ bá gbìn, kò sí ẹni tí yóò wá á. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ láìdà, láìgbá. Ẹ fi ewé gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ ní igun mìíràn kí ó máa jẹrà. Gbígbá tí à ń gbá ilẹ̀ lárààárọ̀ títí erùpẹ̀ á fi máa dán, mo bọ̀wọ̀ fún un, ìmọ́tótó ni. Àmọ́ iwájú ilé nìkan ló yẹ ẹ́, kì í ṣe inú ọgbà.

Omi náà ṣe kókó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwo pẹrẹsẹ kan tó, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí oyin rí ibi dúró sí, torí ó lè rì. Ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra kí ẹ̀fọn má fi ṣe ilé.

Ní ti oògùn kòkòrò, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ẹ bá ń fín oògùn sí ọgbà tó ń yọ òdòdó, ẹ ń pe oyin wá jẹ májèlé ni. Ní ọdún 2018, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de oògùn mẹ́ta, imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò wọ́n mọ́ ní oko gbangba, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe fún oyin. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kí ẹ tó rà á. Èyí tí a fi ń pa aáyán nínú ilé, dichlorvos, kò ní nǹkan kan ṣe lórí ewé tí èèyàn yóò jẹ. NAFDAC pàápàá dá títa ìgò rẹ̀ kékeré dúró lọ́jà ní ọdún 2019. Fún ẹ̀fọ́ inú ilé, eérú tó kúnná tí ẹ fọ́n sórí ewé ní àárọ̀ kí ìrì tó gbẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò ńlá, ẹ fọwọ́ ṣà á. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fín nǹkan, ìbáà jẹ́ omi ewé dongoyárò, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé, kí ó má sì kan òdòdó.

Ẹ ó rí kòkòrò kan lórí ewé ọsàn tàbí òroǹbó kékeré, tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ìyeyè lára, èyí tí àwọn ọmọ máa ń lé kiri, ọmọ rẹ̀ ni. Yóò jẹ ewé díẹ̀, igi ọsàn tó ti fìdí múlẹ̀ kò ní kú nítorí rẹ̀.

Ìyá kan ti ń nawọ́ láti ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bi mí: àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé oyin ò ní ta wọ́n? Ìbéèrè gidi ni, mà, torí oyin ilẹ̀ wa kì í gba ìgbàkugbà. Ilé rẹ̀ ló ń jà fún. Èyí tó wá jẹun lórí òdòdó kò ní ilé tó ń ṣọ́ níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ ẹ́ tàbí mú un, yóò jẹun tán, yóò lọ. Ibi tí ewu wà ni ibi tí ilé oyin bá wà, nínú òrùlé tàbí ihò igi. Ẹ má ṣe dáná sun ún, ẹ má da bẹntiróò sí i. Ẹ pe àwọn tó ń sin oyin, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kó o. Bí oyin kan bá ta yín nítòsí ilé rẹ̀, òórùn tó fi sílẹ̀ lára yín, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, á pe àwọn yòókù. Nítorí náà ẹ má dúró gbá a, ẹ fi aṣọ bo ojú, ẹ sá wọ ilé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ojú tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú lẹ́yìn tí oyin ta á, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Mo kó igi ewúro wá, wọ́n wà nínú korobá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Irúgbìn ẹfinrin náà wà nínú bébà lórí tábìlì, mo ti pò ó mọ́ yanrìn. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ igi kan àti bébà kan. Ilẹ̀ ti rin, ẹ lè gbìn ín lọ́la. Ẹ ti igi ewúro bọlẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, kí ojú igi méjì wà nínú ilẹ̀, kí ìyókù wà lókè. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀, kíkún àpò sìmẹ́ǹtì kan tó fún ẹfinrin, bí ẹ bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀.